Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ṣíṣe òfin fún AI

Àwọn tí ń ṣe òfin láti kápá AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, sábà máa ń gbà pé, bí òṣìṣẹ́ kan bá ti lè buwọ́ lu ohun tí kọ̀ǹpútà pinnu, kò sí ohun tí yóò tún ṣe ẹ̀tọ́ aráàlú mọ́. Ẹ má ṣe gba èyí gbọ́. Láti ọdún 2013, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni iléeṣẹ́ agbowó-orí ilẹ̀ Netherlands fi ètò kọ̀ǹpútà kan yẹ àwọn òbí tí ń gba owó ìrànwọ́ ìtọ́jú ọmọ wò, àìjẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà sì wà lára ohun tí ń mú kí ètò náà fura sí ènìyàn. Nígbà tí orúkọ òbí bá dé iwájú òṣìṣẹ́ tí ó yẹ kí ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, kò sí ohun tí ń sọ fún un ìdí tí kọ̀ǹpútà fi fura. Kí ni irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi já a nírọ́? Àìbuwọ́lùwé síbì kan ṣoṣo nínú fọ́ọ̀mù lè sọ òbí di ẹni tí ó jẹ gbèsè ẹgbẹẹgbàárùn-ún owó Yúrò. Ìdílé tú ká, àwọn kan pàdánù ilé wọn, kí ìjọba Mark Rutte, olórí ìjọba ilẹ̀ náà nígbà náà, tó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi àṣírí bo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Lórí SyRI, ètò mìíràn tí wọ́n fi ń wá oníjìbìtì, ìjọba ibẹ̀ sọ pé bí àwọn bá tú àṣírí rẹ̀, àwọn ọ̀daràn yóò mọ bí wọn yóò ṣe yẹra fún un. Ilé ẹjọ́ ìlú Hague kò gbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2020, ó dájọ́ pé òfin tí ó gbé SyRI ró tako ẹ̀tọ́ aráàlú sí ìgbésí ayé ìkọ̀kọ̀.

Òfin AI ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ó di òfin ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, béèrè pé kí ẹni tí ń ṣọ́ ètò tí ewu rẹ̀ pọ̀ lè lóye rẹ̀, kí ó sì lè kọ ohun tí ó sọ. Ní Nàìjíríà, abala 37 òfin ìdáàbòbò dátà ọdún 2023 dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìpinnu ńlá tí kọ̀ǹpútà nìkan ṣe. Ẹ̀rù tí ń bà mí ni pé ilé-iṣẹ́ ayánilówó lè fi akọ̀wé kan síbẹ̀ láti máa buwọ́ lù ú lásán, kí wọ́n lè sọ pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ló pinnu. Nítorí náà, kí àjọ tí ń mójú tó òfin yìí má ṣe béèrè ìbuwọ́lùwé nìkan: kí wọ́n béèrè ohun tí akọ̀wé náà rí kí ó tó fọwọ́ sí i, àti iye ìgbà tí ó ti kọ ohun tí kọ̀ǹpútà sọ.