Gílóòbù Wi-Fi tó kọ̀ tí kò so

Ẹ̀yin ará Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde tó ń ra gílóòbù àti kámẹ́rà Wi-Fi, kí ẹ tó dá a padà fún ẹni tó tà á, ẹ kọ́kọ́ yẹ router yín (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi nínú ilé) wò. Oríṣi ìgbì Wi-Fi méjì ni router sábà máa ń lò, 2.4GHz àti 5GHz. Ọ̀pọ̀ gílóòbù àti kámẹ́rà yìí ò mọ̀ ju 2.4GHz lọ, wọn ò lè rí 5GHz rárá. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ wọ inú ètò router, kí ẹ fún 2.4 ní orúkọ tirẹ̀, kí ẹ sì so fóònù yín mọ́ ọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Níbi ètò ààbò Wi-Fi, WPA2 ni kí ẹ fi síbẹ̀, torí WPA3 nìkan máa ń lé àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ hotspot iPhone, ẹ tan Maximize Compatibility, kó lè lo 2.4GHz.

Tí NEPA bá mú iná wá, gílóòbù á ti jí kí router tó jí. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Tí kò bá so, ẹ pa gílóòbù kí ẹ tún un tàn. Mini UPS (bátìrì kékeré tó ń gbé router tí iná bá lọ) ló dáa jù fún router, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ṣájà rẹ̀ dáadáa: 12V lórí router 9V lè jó o.

Ẹ fẹ́ pààrọ̀ router? Orúkọ àti password ti àtijọ́ gan-an ni kí ẹ fún tuntun, títí kan lẹ́tà ńlá àti kékeré. Ọ̀pọ̀ gílóòbù àti kámẹ́rà yín á so fúnra wọn.