Ẹ wo nọ́ńbà kí ẹ tó ra katiríìjì

Ẹ kú ewu oko o, ẹ̀yin ọdẹ Ẹ̀pẹ́. Kí ẹ tó sanwó katiríìjì, ìyẹn ìdì tí ọta wẹ́wẹ́ ìbọn wà nínú rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ọta inú rẹ̀ ń kéré sí i: ọta nọ́ńbà 6 kò tó mílímítà 3, ti nọ́ńbà 4 sì lé díẹ̀. Àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́, 6 ti tó wọn. Òyà lágídí, 4 ni kí ẹ fún un. Ẹni tó bá yin ọta ìgalà lu àparò, ìyẹ́ ni yóò kó relé! Òjé, tó jẹ́ májèlé, sì ni ọ̀pọ̀ ọta wọ̀nyí. Ẹ gé ẹran ibi tí ọta wọ̀ dànù, pàápàá bí ọmọdé yóò bá jẹ níbẹ̀. Katiríìjì tí ọ̀rinrin bá ti mú kó wú, ẹ má fi tipátipá kì í sínú ìbọn.