Bí Mo Ṣe Tọ́jú Sítóòfù Pẹ́lẹ́ẹ̀tì Ilé Mi, Láti Inú Ìkòkò Iná Títí Dé Páìpù Èéfín

Àwọ̀ iná ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé àsìkò ìtọ́jú ti tó. Sítóòfù pẹ́lẹ́ẹ̀tì, èyí tí ń jó kóró igi kéékèèké tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ̀ mọ́ra, máa ń jó bùlàbùlà, iná rẹ̀ a sì mọ́lẹ̀ kedere, nígbà tí ohun gbogbo bá wà létòlétò. Iná tèmi ti ga ju bí ó ṣe yẹ lọ, ó ti pọ́n, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́, dígí iwájú rẹ̀ sì ń dúdú kíákíá lẹ́yìn tí mo bá nù ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ di ẹ̀bi irú èyí ru pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà. Lóòótọ́, pẹ́lẹ́ẹ̀tì lè burú, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé fáànù ni ó ń fa afẹ́fẹ́ gba abẹ́ ìkòkò iná, ìyẹn ìkòkò irin kékeré tí pẹ́lẹ́ẹ̀tì ti ń jó, wọlé tí ó sì ń lé èéfín jáde, bí eérú bá sì ti dí ibì kan lójú ọ̀nà yẹn, iná kò lè rí afẹ́fẹ́ tí ó tó lò.

Mo pa sítóòfù náà ní alẹ́, mo jẹ́ kí fáànù rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí tí òun fúnra rẹ̀ fi dúró, nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì ti tutù pátápátá ni mo tó yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná mànàmáná. N kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú apá yìí rárá. Ẹyin iná lè wà lábẹ́ eérú fún ọjọ́ mélòó kan láìsí pé ojú rí i, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi ẹ̀rọ tí ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀ yàrá fa eérú: ẹyọ kan péré lè dáná sun àpò inú rẹ̀, eérú tí ó kúnná yóò sì gba ara àpò náà padà sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún eérú, tí garawa rẹ̀ jẹ́ irin, ni mo lò, mo sì wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, torí pé eérú igi tí omi bá kàn máa ń jẹ awọ ara. Eérú tí mo kó jáde wọ inú garawa onírin tí ìdérí rẹ̀ ṣe rẹ́gí, mo sì gbé e síta, jìnnà sí ohunkóhun tí ó lè gbiná.

Ìkòkò iná ni mo kọ́kọ́ yọ. Eérú tí ó ti yọ́ tí ó sì ti dì pọ̀ bí òkúta ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó le, ó rí gbágungbàgun, ó sì ń dán lápá kan; ooru gíga ni ó máa ń yọ́ àwọn èròjà tí ó jọ iyanrìn nínú eérú tí wọ́n fi ń dì báyẹn. Mo fi irin pẹlẹbẹ ha á láti ẹ̀gbẹ́ títí ó fi ṣí, àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà sì hàn lábẹ́ rẹ̀, àwọn kan là, àwọn kan dí bámúbámú. Mo gbé ìkòkò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ihò tí ìmọ́lẹ̀ kò bá gbà kọjá, mo fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un títí yóò fi là. Mo tún nu orí ibi tí ìkòkò máa ń jókòó sí, nítorí pé bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, afẹ́fẹ́ yóò gba àlàfo yẹn sá lọ dípò kí ó gba inú ihò.

Ẹni tí ó bá dúró síbí yóò rò pé iṣẹ́ ti parí, nítorí pé gbogbo ohun tí ojú rí ti mọ́. Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni ẹ̀yìn àwọn pátákó irin inú sítóòfù náà. Mo tẹ̀lé ìwé ìlànà tí ó bá a wá láti mọ àwọn ìdè tí mo ní láti tú, bí mo sì ti yọ pátákó ẹ̀yìn, eérú tí ó fúyẹ́ púpọ̀ dà wálẹ̀ wìì. Eérú yìí tún bo ara àwọn ọ̀pá tí ń gbé ooru fún yàrá, ooru tí ìbá sì máa wọ yàrá ń bá èéfín jáde lọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, mo rọra kan ògiri inú rẹ̀ kí eérú tí ó há síbẹ̀ lè jábọ́, lẹ́yìn náà ni mo ṣí fáànù tí ń lé èéfín. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi nu abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, torí pé bí ọ̀kan bá tẹ̀, fáànù náà yóò máa gbọ̀n, yóò sì máa pariwo. Rọ́bà tí ó dí ojú ìdè fáànù yìí kò gbọ́dọ̀ ya. Mo fi tuntun dípò rẹ̀, kí èéfín má baà rí ọ̀nà wọ inú ilé. Páìpù èéfín ló kù: mo ṣí ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó bá ìbú páìpù náà mu, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ íńṣì 3 tàbí 4, gbá a láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìyókù kò gba àkókò. Mo nu dígí. Mo pa ilẹ̀kùn dé mọ́ bébà kan, mo sì fà á. Ibi tí bébà bá ti yọ láìsí wàhálà, okùn tí ó yí ilẹ̀kùn ká ti gbó níbẹ̀. Mo kó lẹ́búlẹ́bú tí ó ti kó jọ sísàlẹ̀ àpótí pẹ́lẹ́ẹ̀tì jáde, nítorí pé ó lè dí irin lílọ́ tí ń ti pẹ́lẹ́ẹ̀tì wá sínú ìkòkò.

Nígbà tí mo tan án padà, iná náà kúrú, ó mọ́lẹ̀, ó sì ń jó pẹ̀lú agbára. Láti ìgbà náà, mo ń wo ohun tí wọ́n kọ sára àpò pẹ́lẹ́ẹ̀tì kí n tó rà á: èyí tí ó bá ní àmì ENplus A1, àmì tí ń fi hàn pé pẹ́lẹ́ẹ̀tì dára, kò gbọ́dọ̀ ní eérú tí ó ju ìdá 0.7 nínú 100 lọ, omi inú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 nínú 100. Mo dán ẹ̀rọ tí ń kéde carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí iná lè mú jáde, wò pẹ̀lú, torí pé afẹ́fẹ́ yẹn kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ìparí àsìkò òtútù ni mo ti yàn fún odindi ìtọ́jú yìí báyìí, nítorí pé eérú tí a bá fi sílẹ̀ nínú sítóòfù tí kò ṣiṣẹ́ máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ọ̀rinrin náà a sì dípẹtà sára irin kí òtútù tó tún dé.