Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣètò síìtì, kílọ́ọ̀ṣì àti ọwọ́ katakata kó lè bá ọkùnrin àtobìnrin mu

Ẹ wo ẹni tó bá fẹ́ ra katakata, á sítáàtì ẹ̀, á wo èéfín, á fẹsẹ̀ ta táyà, ó parí. Kò ní ráyè jókòó sórí ẹ̀ kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì ní ìgbà ogún tẹ̀léra wọn, bẹ́ẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì yẹn ló máa bá fà á ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Tó bá wá jẹ́ pé tọkọtaya ló máa jọ wà á, ẹni tó ga jù ló máa lọ dán an wò, á ní kò sí wàhálà.

Wàhálà wà o. Èyí tá a kọ́kọ́ ní, ẹsẹ̀ mi dé ibi gbogbo, ti ìyàwó mi ò dé. Tó bá fẹ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á yọ̀ wá sí etí síìtì, á di sitiárín mú gírígírí kó lè fi gbogbo ara ẹ̀ tẹ pẹ́dààlì, bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni imú katakata ń yà. Èmi wá ń pariwo pé kò mọ̀ ọ́n wà, àṣé síìtì ni.

Torí náà síìtì lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ni tó kúrú jù nínú yín wọ bàtà tó fi ń ṣiṣẹ́, kó fẹ̀yìn ti síìtì dáadáa, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀. Tí orúnkún ẹ̀ bá nà gbọọrọ, àbí tí ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò lára síìtì, ó ṣì jìnnà, ó yẹ kí orúnkún yẹn ṣì tẹ̀ díẹ̀. Kó tún nawọ́ sí ọ̀pá jíà àti ọ̀pá háídírólíìkì, ìyẹn èyí tó ń gbé irinṣẹ́ ẹ̀yìn katakata sókè sódò, láì dìde. Ìgbà yẹn ni kẹ́ni tó ga jù tó gùn ún, kẹ́ ẹ wò ó bóyá orúnkún ẹ̀ ń gbá sitiárín. Ibi tí ọwọ́ àtẹsẹ̀ máa dé, ẹni kúkurú lẹ máa fi wọ̀n ọ́n, àyè tí ara máa gbà, ẹni gíga ni. Ẹ má ṣe fi ẹni tó wà láàárín wọn wọ̀n ọ́n, torí kò ní bá èyíkéyìí nínú wọn mu.

Tí síìtì ò bá ṣeé fà síwájú tó, ẹ wá tìmùtìmù líle tó ṣeé so mọ́ ẹ̀yìn síìtì. Pákó tí wọ́n fi rọ́bà so mọ́ pẹ́dààlì, ẹ jọ̀ọ́, rárá! Ọjọ́ tó bá yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ nìkan lẹ máa mọ̀. Kí mẹkáníìkì fi bóòtù de irin tójú ẹ̀ rí ṣákaṣàka mọ́ ọn.

Tí kílọ́ọ̀ṣì bá le, ẹ má tíì sọ pé obìnrin ò lágbára, ẹ yẹ wáyà ẹ̀ wò bóyá ó ti dógùn-ún, kẹ́ ẹ sì wo ibi tó yẹ kí gírísì wà. Ọwọ́ gan-an ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ ju ti ẹsẹ̀ lọ: tá a bá ṣírò ẹ̀ ní ìpíndọ́gba, agbára ìdìmú ọwọ́ obìnrin jẹ́ nǹkan bí 50 sí 70 nínú 100 ti ọkùnrin. Ìdí nìyẹn tí katakata kékeré tá a máa ń rìn tẹ̀ lé fi máa ń dá obìnrin lágara, torí ọwọ́ ni kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ wà. Ẹ sọ ọwọ́ katakata náà kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìgúnpá ẹni tó ń wà á díẹ̀, kí ibi tá a ń dì mú nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4, kẹ́ ẹ sì sún ọ̀pá kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn títí oríkèé àárín ìka fi lè kọ́ ọ. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò ká a, ńṣe ló máa ń fún un mọ́ra, béèyàn sì ṣe ń fún un mọ́ra tó ni gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ṣe ń wọnú ọwọ́ tó.

Àwọ̀ tó wà lórí àwọn ọ̀pá náà wúlò, pàápàá tẹ́ni méjì bá ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Lórí ọ̀pọ̀ katakata, pupa ni èyí tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì, àwọ̀ ọsàn ni jíà àti tọ́rótù (èyí tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì yára tàbí kó rọra), yẹ́lò ni PTO (èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sínú irinṣẹ́ tá a so mọ́ katakata), dúdú ni ìyókù. Tí orí ọ̀pá kan bá já, ẹ má kàn fi èyí tẹ́ ẹ bá rí sí i.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ibi tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu, ẹ fi ọ̀dà sàmì sára irin tí síìtì ń yọ̀ lé. Tèmi funfun, tìyàwó mi pupa, ẹni tó bá gùn ún á fà á dé àmì tiẹ̀ kó tó sítáàtì.