Ẹ Wo Àwòrán Sátẹ́láìtì Kí Ẹ Tó Sá Gbodo

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ní Kuje, Gwagwalada àti Kwali, ẹ mọ ìwà ọyẹ́. Ẹ ó sá gbodo sórí àpáta láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ eruku ti bò ó. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ ro àmàlà, yanrìn ni yóò máa ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ eyín.

Ọ̀nà jíjìn ni eruku náà ti ń wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad ni. Adágún ńlá wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ó ti gbẹ, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì kúná, ó fúyẹ́. Atẹ́gùn a fẹ́ gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi, a gbé e kọjá sí Maiduguri àti Kano, kó tó kàn wá. Ìrìn yẹn lè tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyè ìmúrasílẹ̀ sì nìyẹn.

Ẹ ṣí Worldview lórí fóònù, ìkànnì àwòrán sátẹ́láìtì ti NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, àfi dátà tó máa jẹ. Ẹ fa máàpù lọ sí Chad. Bí ẹ bá rí i bí ẹni da ògì bàbà sórí ilẹ̀, eruku ni. Ẹ fi ti àná wé tòní, ẹ ó rí ibi tó kọrí sí. Ní tèmi, bó bá ti bo Maiduguri, mo ti kó gbodo wọlé.

Ẹ má fi èéfín pe eruku o. Èéfín ní orírun ní tirẹ̀: ó tín-ín-rín níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ eérú. Ẹ tan Fires, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi iná hàn lórí Worldview, àmì pupa yóò yọ níbi tí iná wà. Àmì kan lè dúró fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 375, ẹ má torí rẹ̀ lọ bá ará oko kejì jà. Iná tí wọ́n dá nírọ̀lẹ́ tó sì tètè kú lè má hàn rárá, torí ọ̀sán, ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀, àti òru ni sátẹ́láìtì tó ń rí iná yẹn ń kọjá.

Meteosat, sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù, kì í kúrò lójú kan ní tirẹ̀. Ó wà lókè ní nǹkan bí kìlómítà 36,000, ó ń yàwòrán ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní wákàtí kan, tọ̀sán tòru. Nínú àwòrán eruku tirẹ̀, àwọ̀ píǹkì ni eruku máa ń ní.

Àwòrán ò lè sọ bóyá eruku wà nílẹ̀ tàbí lókè réré. Ẹ gbọ́ ti NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní Nàìjíríà, mọ́ ọn. Ilé tí ọmọ oníkọ́ semùsemù bá wà, kí wọ́n ti fèrèsé, kí oògùn tó ń fi ẹnu fà sínú wà nítòsí, kí wọ́n sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀.