Ohun Tí Kò Yẹ Kí A Máa Ṣe sí Ìgò Cava

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Cava, wáìnì Sípéènì tí ó máa ń yọ ìfófó, kò lè dára torí pé owó rẹ̀ kò tó ti Champagne, irú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní ẹkùn Champagne nílẹ̀ Faransé. Àṣìṣe ni. Ìlú Sant Sadurní d'Anoia ní ẹkùn Catalonia, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ni oníwáìnì Josep Raventós ti ṣe é ní ọdún 1872, ọ̀nà tí àwọn ará Champagne ń gbà ni ó sì gbà: inú ìgò gan-an ni ọtí náà ti ń hó lẹ́ẹ̀kejì, tí yóò sì wà pẹ̀lú ìwúkàrà rẹ̀ fún oṣù 9, ó kéré tán. Tí ẹ bá rí Reserva lára ìgò, oṣù 18 ni. Gran Reserva, oṣù 30. Ohun tí ó jẹ́ kí owó rẹ̀ kéré ni pé ilẹ̀ àti èso àjàrà Cava kò wọ́n tó ti Champagne.

Ọ̀rọ̀ ara ìgò náà tún máa ń tan ni jẹ. Seco túmọ̀ sí "gbígbẹ", ẹni tí kò fẹ́ adùn á sì sáré gbé e, bẹ́ẹ̀ gíráàmù ṣúgà 17 sí 32 ni ó wà nínú lítà rẹ̀ kan, nígbà tí èyí tí wọ́n kọ Brut sí lára kì í kọjá 12. Brut ni kí ẹ fi jẹ ẹja díndín tàbí àkàrà gbígbóná (èmi ń ṣe é, ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó rẹ́rìn-ín).

Ní òde àríyá, àwọn kan a máa gbọn ìgò kí kọ́ọ̀kì rẹ̀ lè fò sókè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì lè fọ́ni lójú; ọtí tí a fowó rà ni ó sì ń dà sílẹ̀ yẹn. Láti ìgbà tí ẹ bá ti ń tú wáyà rẹ̀ ni kí ẹ ti fi àtàǹpàkò tẹ kọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀, kí ẹ dẹ ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì máa yí ìdí ìgò, kì í ṣe kọ́ọ̀kì, títí tí yóò fi mí jáde wẹ́rẹ́.

Ìgò tí kò tutù ni ó máa ń tú jáde jù, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú fìrísà, ó lè bẹ́. Ẹ bu yìnyín àti omi sínú bákẹ́ẹ̀tì ní ìdajì-ìdajì, yóò tutù láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Yìnyín nìkan, tí ọ̀pọ̀ ń lò, kì í kan ara ìgò yípo.

Ní ti ṣíbí tí àwọn kan ń kì bọ ẹnu ìgò kí ọtí má baà kú, kò ṣiṣẹ́ kankan. Ìdérí tí ó há pinpin ni ó lè gbé e di ọ̀la nínú fíríìjì.