Bí mo ṣe pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì Mini nínú Forza Horizon 4, tó fi dé òkè kíláàsì B

Mini Cooper S ti ọdún 1965 ni mo mú. Àwọn tí a jọ ń gbá Forza, géèmù eré ọkọ̀, ní àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lẹ́bàá ọjà Ouando, kì í wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ferrari ni tiwọn, Lamborghini ni tiwọn. Ọkọ̀ tí kò bá ti lè sá tó ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà ní wákàtí kan, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e fún ìyá àgbà. Èmi ní tèmi, ọkọ̀ kékeré ló ń wù mí. Mo fẹ́ mú èyí tó wà ní kíláàsì D, ìsàlẹ̀ pátápátá, kí n gbé e dé òkè kíláàsì B, kó sì lè máa na àwọn ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ lójú ọ̀nà tó bá lọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìṣirò rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Géèmù yìí fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní PI. Kíláàsì D parí sí 500, C parí sí 600, B parí sí 700, A parí sí 800. Ohunkóhun tí ẹ bá so mọ́ ọkọ̀ tó bá jẹ́ kó yára sí i tàbí kó di ilẹ̀ mú sí i, nọ́ńbà yẹn á gòkè. Ohun tí ẹ bá ná sórí ẹ́ńjìnnì nínú 700 yẹn, ẹ ò ní í rí i ná sórí táyà mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò ó débẹ̀. Họ́ọ̀sìpáwà, ìyẹn agbára ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n ń lé kiri.

Ọdún 2018 ni Forza Horizon 4 jáde, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì gbé e sí. Láti oṣù Kejìlá 2024 ni wọn kò ti tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Tèmi wà nínú díìsìkì tí mo rà ní Kútọnu pẹ̀lú Xbox One àlòkù, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ní Forza Horizon 5 náà lè máa bá mi bọ̀, ìlànà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Kó tó di pé mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, mo wo irú ọkọ̀ tó jẹ́ ná. Ọdún 1959 ni Mini jáde. Alec Issigonis ló ya àwòrán rẹ̀, lẹ́yìn tí wàhálà Suez ti ọdún 1956 sọ epo di ọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. (Àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́ nígbà tí owó kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, fò sókè ní 2023, wọn kò ní í ṣàlàyé ìyẹn fún wa.) Ó gbé ẹ́ńjìnnì sí ìbú, ó fi gíà sábẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lo, táyà iwájú ló sì ń fa ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju mítà mẹ́ta lọ ṣe gba èèyàn mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì Cooper S yìí jẹ́ 1275 cc, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi họ́ọ̀sìpáwà 76 lọ, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì wọn nǹkan bíi 650 kílò. Cooper S ló gba Monte Carlo Rally ní 1964, 1965 àti 1967. Ní 1966, Mini mẹ́ta ló kọ́kọ́ dé, wọ́n ní iná iwájú wọn kò bá òfin mu, wọ́n sì fagi lé e. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi sẹ́yìn nígbà yẹn lágbára jù wọ́n lọ fíìfíì. Fífúyẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń yà ni wọ́n fi ń borí, ìyẹn ni mo sì pinnu pé n kò ní í bà jẹ́.

Ó yá, ẹ́ńjìnnì. Nínú gáráàjì, ẹ wọ Upgrades, ẹ lọ sí Conversion, ẹ ó rí Engine Swap níbẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé ojú lé ẹ́ńjìnnì kan, kí ẹ tó rà á rárá, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ bí họ́ọ̀sìpáwà ṣe máa pọ̀ tó, kílò tó máa fi kún ọkọ̀, iye tó máa wà níwájú nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, àti ibi tí PI máa já sí. Họ́ọ̀sìpáwà ni ojú gbogbo ayé máa ń lọ. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, iye tó wà níwájú ni kí ẹ wò. Mini ti ní ju ọgọ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ níwájú kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan kún un.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù nínú gbogbo wọn sí i, kí àwọn ọmọ àdúgbò tó wà níjòókòó lè fi ojú ara wọn rí i. Lójú ọ̀nà tó tọ́, ọkọ̀ náà ń fò. Ìgbà tó dé kọ́nà àkọ́kọ́, mo yí ọwọ́ rẹ̀, imú rẹ̀ kò tẹ̀ lé mi: ńṣe ló ń lọ tààrà bí ọmọ kékeré tí wọ́n gbé àpò àgbàdo lé lórí, tó fẹ́ yà ṣùgbọ́n tí ọrùn rẹ̀ kò gbà fún un. Ògiri òkúta àwọn àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá a dúró. Ariwo sọ. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ti gbé PI lọ tán, kò ku èyí tí mo lè fi ra táyà gidi.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe mékáníìkì lójú ọ̀nà Pobè ló wọlé dé lásìkò yẹn, àwo ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò ó títí.

"Ẹ́ńjìnnì síìtì ńkọ́? Ta ló jó o mọ́ ọn?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí síìtì tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé níbí o. Bọ́tìnnì A lẹ máa tẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìrẹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń ka ohun tí bọ́tìnnì A ń gbójú fò. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan sínú òmíràn, wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n bóyá bọ́nẹ́ẹ̀tì á dé. Wọ́n á gé síìtì, wọ́n á jó òmíràn. Ṣáàfù méjèèjì lè má bá a mu, kí wọ́n gé e kí wọ́n tún so ó. Rédíétọ̀ àtijọ́ kò ní í tutù tó. Wáyà ló sì máa ń fi oorun dun èèyàn jù, torí kọ̀ǹpútà tó bá ẹ́ńjìnnì wá ń wá àwọn nǹkan tí kò sí lára ọkọ̀ tuntun rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí tán, búrékì ṣì jẹ́ ti ọkọ̀ tí kò lágbára. Wọ́n ní oníbàárà kì í fẹ́ gbọ́ ti búrékì rárá, owó ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń mú wá.

Ọ̀rọ̀ búrékì yẹn wọ̀ mí létí, torí géèmù náà kò yọ ìyẹn sílẹ̀: ẹ́ńjìnnì tuntun, búrékì àtijọ́, ògiri.

Mo yọ ẹ́ńjìnnì ńlá náà. Mo wá èyí tó jẹ́ sílíńdà mẹ́rin, tí kílò tó fi kún ọkọ̀ kéré jù, tí iye iwájú kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Agbára rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó fúyẹ́ báyìí, ó pọ̀. N kò so tọ́ọ̀bò, tó ń fi tipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, mọ́ ọn. Tọ́ọ̀bò máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí, tó bá sì jí láàárín kọ́nà, táyà iwájú tó ń fa ọkọ̀ tó tún ń darí rẹ̀ á máa yí lásán.

N kò yí i sí èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà náà. Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe nìyẹn, ọkọ̀ yòówù kó jẹ́. Ó ń wúwo sí i, ó ń jẹ PI, nígbà tí ẹ bá sì fi máa parí, Mini yín àti ọkọ̀ aládùúgbò yín ti di ọ̀kan náà. Kí wá ni wọ́n ń fi Mini ṣe?

Àwọn ohun tó kù kò gba àsìkò. Táyà tó di ilẹ̀ mú dáadáa ni mo fi ṣáájú, mo sì mú kí ti iwájú fẹ̀ sí i. Búrékì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ṣọ́kì àti sípíríǹgì tó ṣeé tún ṣe, ọ̀pá anti-roll iwájú àti ẹ̀yìn (tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ jù ní kọ́nà), àti differential (tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti ti òsì). Gíà Sport ni mo mú, torí pé final drive, tó ń yí gbogbo gíà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nìkan ni mo fẹ́ yí. PI tó ṣẹ́ kù ni mo fi dín ìwọ̀n ọkọ̀ kù. Ó dúró sí 700 géérégé.

Títún un ṣe ló kù, adùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí iwájú ń fà kì í fẹ́ yà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ fi ràn án lọ́wọ́. Nọ́ńbà anti-roll bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 65. Mo fi iwájú sílẹ̀ nísàlẹ̀ gan-an, kò tó 10, mo gbé ẹ̀yìn kọjá 40. Sípíríǹgì ẹ̀yìn náà, mo mú un le díẹ̀. Afẹ́fẹ́ táyà, mo ń wò ó nínú telemetry (ibi tí géèmù ti ń fi nọ́ńbà ọkọ̀ hàn bó ṣe ń sáré) lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sáré tó gbóná, mo sì ń dín in títí ti iwájú fi dúró nítòsí 2.2 bar. Camber iwájú (bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú) jẹ́ bíi -1.5, ti ẹ̀yìn kéré sí i. Differential níkà díẹ̀: bí ẹ bá gbé e sókè jù, ọkọ̀ á máa fa ọwọ́ yín síta kọ́nà, bí ó bá wà nísàlẹ̀ jù, táyà inú á máa yí lásán, èéfín á máa jáde, ẹ ò ní í lọ síbì kankan. Láàárín 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá tèmi lára mu. Final drive, mo sún un síwájú sẹ́yìn títí gíà tó kẹ́yìn fi ń tán síbi tí ọ̀nà tó gùn jù ti fẹ́ parí.

Edinburgh ni mo ti dán an wò, nínú òjò, lórí àwọn òpópónà olókúta tí ọkọ̀ kì í fẹ́ dúró lé. Mo gbé kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nígbà tí mo ń wo eré náà padà. Bó ṣe wọ kọ́nà, táyà ẹ̀yìn tó wà nínú gbéra kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ó ń yí lọ́fẹ̀ẹ́, omi ń kán lára rẹ̀, táyà mẹ́ta tó kù sì gbé ọkọ̀ yí láì ṣe wàhálà kankan. Àwọn Mini gidi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí pápá eré. Ìgbà tí mo rí i ni mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ti le tó.

Lálẹ́ Sátidé, a gbá a. Ẹni tó na gbogbo wa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú gbé BMW M3 ti ọdún 1991 wá, 700 ni tiẹ̀ náà. Ó ń kọjá mi lójú ọ̀nà tó gùn, n kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n ó ń tẹ búrékì níbi tí èmi ṣì ń tẹ iná, mo sì máa ń gba inú wọlé. Ó ní mo ṣe oògùn. Ó tún ní ká lọ sí ọ̀nà mọ́tò ńlá ká gbá a níbẹ̀, mo kọ̀ jálẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí sí Abarth 595 àtijọ́ tàbí Fiat 500 àtijọ́, kó má ṣe da àwọn nọ́ńbà mi kọ. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì tiwọn wà, ẹ̀yìn ló sì ń tì wọ́n, ìrù wọn ló máa ń fẹ́ ṣáájú orí. Ẹ dẹ anti-roll ẹ̀yìn, ẹ mú ti iwájú le ju tèmi lọ, ẹ fi táyà tó fẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì má ṣe já ẹsẹ̀ lórí iná lójijì láàárín kọ́nà.